Ẹni Tí Ó Ni Ọ̀rọ̀ àti Ilé Tí A Ti Bá A: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Títọ́ka sí Àpilẹ̀kọ inú Àká Ìmọ̀ Orí Ayélujára

Nígbà tí àwọn tí wọ́n pè mí wá síbí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ tí a kà nínú àká ìmọ̀ orí ayélujára, wọn kò fún mi ní ọ̀rọ̀ kékeré rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kà á sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi òru tí ó ku ọ̀la kí ó fi ìwé sílẹ̀ ṣe, pẹ̀lú oorun lójú, nígbà tí agbára rẹ̀ ti tán sórí ohun tí ó pè ní iṣẹ́ gan-an.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ, èmi yóò sì sọ ọ́ kí n tó rìn jìnnà. Gbèsè ni ìtọ́kasí, ẹni méjì ni a sì jẹ ẹ́: a jẹ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, kí orúkọ rẹ̀ má baà sọnù nínú ẹnu wa, a sì jẹ ẹni tí yóò ka ìwé wa, tí yóò fẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀ bóyá bí a ti wí ni ó rí. Àká ìmọ̀ tí ó gba àpilẹ̀kọ náà sílé ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá di èyí mú ṣinṣin, kò ní ṣìnà nínú gbogbo àmì ìdánudúró àti lẹ́tà ńlá tí àwọn onílànà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní èyí. Ẹ tẹ́tí sí babaláwo nígbà tí ó bá ń ki ẹsẹ Ifá. Kí ó tó sọ ìtàn, kí ó tó dárúkọ ẹni tí ó wá dáfá, kí ó tó dé ibi ẹbọ àti ibi àbọ̀ ẹbọ, orúkọ àwọn awo tí wọ́n dá Ifá náà ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kà sílẹ̀, nígbà mìíràn ẹyọ kan, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ tí òmíràn nínú wọn gùn tó odindi òwe, kí ó tó wá fi "a díá fún" so wọ́n mọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1976, pín ẹsẹ Ifá sí ìsọ̀rí mẹ́jọ, ìsọ̀rí kìíní nínú wọn sì ni orúkọ awo wọ̀nyí. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, tí kò ní tákàdá, tí kò ní yíǹkì, tí ó sì fi orí kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ, kò rí orúkọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ bí ẹrù tí òun lè sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀nà lè fúyẹ́ fún òun. Báwo wá ni àwa tí a ní kọ̀ǹpútà lórí itan yóò ṣe sọ pé ó pọ̀ jù fún wa?

Nígbà tí ìwé kíkọ sì dé, Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, kò fi àṣà yìí sílẹ̀. Ó parí ìtàn àwọn Yorùbá tí ó kọ ní 1897, ó sì dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, Josiah Òní oníṣòwò, Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ tí ìtàn ààfin wà ní ìkáwọ́ wọn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà, bí atẹ̀wé tí a fi í ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba ti sọ ọ́ nù, bí Johnson ti jáde láyé ní 1901 láìfojú rí i, àti bí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀, tí ó fi jáde nígbẹ̀yìn ní 1921. Ìwé sọnù, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyí kò sọnù. Nítorí pé Johnson dárúkọ wọn, ó ṣeé ṣe fún òpìtàn kan ní Ìlú Ọba, Robin Law, ní 1984, láti jókòó kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí èyí tí ó ti ẹnu àwọn àgbà wá nínú ìtàn náà ti pọ̀ tó, àti èyí tí ó jẹ́ pé gègé Johnson fúnra rẹ̀ ni ó tò ó bẹ́ẹ̀. Ó bá a jiyàn níbì kan, ó gbè é níbòmíràn. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ fi ń dàgbà, kò sì lè wáyé láàárín wa àti ẹni tí kò sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àpilẹ̀kọ Robin Law yìí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìtàn ilẹ̀ wa ni yóò bá a pàdé lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe lórí pẹpẹ ìwé ni ẹ ó ti bá a, bí kò ṣe lójú kọ̀ǹpútà tàbí lójú fóònù. Ó jáde nínú jọ́nà tí ń jẹ́ History in Africa, ìdì 11, ojú ìwé 195 sí 221. Lónìí, ẹni kan lè kà á nínú àká ìmọ̀ tí ń jẹ́ JSTOR, ẹlòmíràn a sì kà á nínú àká ti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge, tí ó ń tẹ jọ́nà náà nísinsìnyí. Àlejò ni àpilẹ̀kọ nínú ilé méjèèjì; ó ní baba tí ó bí i, ó ní jọ́nà tí a ti sọ ọ́ lórúkọ, ó sì lè kó kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé ìran rẹ̀ yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá kọ "JSTOR" sínú ìwé rẹ̀, tí ó dákẹ́ síbẹ̀, ti dárúkọ onílé, ó ti gbàgbé àlejò tí ó lọ kí. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀ gan-an, "orísun: JSTOR", tàbí "orísun: Google", èyí tí ó tún burú jù, nítorí pé Google kò tilẹ̀ gba àlejò náà sílé, ó kàn nawọ́ sí ojúlé rẹ̀ ni.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn ilé wọ̀nyí ti ṣe dé, kí a má baà bú wọn. JSTOR bẹ̀rẹ̀ ní 1995, nítorí pé William Bowen, tí ó jẹ́ ààrẹ àjọ Mellon ní Amẹ́ríkà, rí i pé jọ́nà àtijọ́ ti ń kún inú ilé ìkàwé àwọn yunifásítì débi pé wọn kò rí àyè kó tuntun sí mọ́. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé kí a ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé ìkàwé sì jùmọ̀ máa kà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni PubMed ti àwọn oníṣègùn dé ní 1996. Ní 1998 ni African Journals Online, tí a ń pè ní AJOL, bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ́nà tí àwa ọmọ Áfíríkà ń tẹ̀ nílé jọ kí ayé lè rí wọn, orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà sì ni ibùjókòó rẹ̀ wà lónìí. Nígbà tí ó sì di 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá HINARI sílẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò rọ̀ lọ́wọ́ wọn lè ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó bá rántí ìgbà tí a ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun kí wọ́n fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ránṣẹ́, yóò mọ̀ pé oore ńlá ni.

Nísinsìnyí, kí ni a óò kọ sílẹ̀? Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọdún tí ó jáde, àkọlé rẹ̀, orúkọ jọ́nà, ìdì, nọ́ńbà bí ó bá ní, àti ojú ìwé: àwọn wọ̀nyí kò yí padà láti ayé ìwé títẹ̀, àwọn ìlànà tí mo fẹ́ dárúkọ yìí sì ń béèrè fún gbogbo wọn. Àṣà fífi orúkọ àti ọdún sínú ọ̀rọ̀ gan-an ti wà láti 1881, nígbà tí Edward Laurens Mark, onímọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Harvard, lò ó nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìgbín kan tí kò ní ìkarahun. Ibi tí àwọn onílànà ti pínyà ni ọ̀rọ̀ ilé tí a ti bá àpilẹ̀kọ. Ìlànà APA, nínú ẹ̀dà keje rẹ̀ tí ó jáde ní 2019, ní kí a má ṣe dárúkọ àká ìmọ̀ fún àpilẹ̀kọ jọ́nà tí ó wà níbi púpọ̀, àyàfi ohun tí ó jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ni a ti lè bá a, irú bí àpilẹ̀kọ oyè tí ó wà nínú ProQuest. Ìlànà MLA ní kí a dárúkọ jọ́nà, kí a sì tún dárúkọ àká tí ó gbà á. Ìlànà Chicago fi àyè sílẹ̀: líǹkì tí kò ní kú ni ó fẹ́ jù, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, orúkọ àká náà tó. Ní tèmi, ìlànà tí olóòtú tàbí alábòójútó iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ lò ni kí ẹ lò délẹ̀, kí ẹ má ṣe mú orí ọ̀kan mọ́ ìrù èkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sí yín lọ́wọ́, tí àpilẹ̀kọ kò sì ní àmì ìdánimọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ dárúkọ ilé náà, kí òǹkàwé lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Àmì ìdánimọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní DOI. Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé líǹkì a máa kú. Ní 2014, Jonathan Zittrain, Kendra Albert àti Lawrence Lessig, àwọn ará Harvard, tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé nínú líǹkì tí àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà kọ sínú ìdájọ́ wọn, nǹkan bí ìdajì ni kò gbé ènìyàn dé ibi tí adájọ́ ń tọ́ka sí mọ́. Nínú àwọn jọ́nà òfin tí wọ́n yẹ̀ wò, tí ti Harvard fúnra rẹ̀ wà lára wọn, ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ rò ó wò: ìdájọ́ tí a óò máa fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹ̀rí rẹ̀ ti wọ́ lójú ayé àwọn tí ó kọ ọ́. Àwa tilẹ̀ tún ń dá kún un, nítorí pé líǹkì tí ó hàn lókè ojú kọ̀ǹpútà nígbà tí a wọ àká ìmọ̀ láti inú ilé ìkàwé yunifásítì wa, orúkọ ilé ìkàwé náà ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà gígùn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí òǹkàwé ní Cotonou tàbí ní São Paulo bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà ni wọn yóò bi í, nígbà mìíràn kò ní rí ohunkóhun. Ẹ má ṣe da irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé yín láéláé.

DOI kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 10 pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ẹni tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ a tẹ̀ lé e (ti JSTOR ni 2307), ìlà ìdábùú a wọ àárín, nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti àpilẹ̀kọ náà nìkan a sì parí rẹ̀. Ní 2000 ni àwọn atẹ̀wé jọ parapọ̀ dá Crossref sílẹ̀ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí fún jọ́nà. Bí atẹ̀wé bá ta jọ́nà fún atẹ̀wé mìíràn, tí àpilẹ̀kọ kó lọ sí ilé tuntun, ẹni tí ó gbà á yóò lọ yí àdírẹ́sì padà nínú àkọsílẹ̀ náà, DOI tí ẹ ti kọ sínú ìwé yín láti ọdún pípẹ́ yóò sì máa gbé òǹkàwé lọ sí ibi tí ó wà nísinsìnyí. Ibi tí ẹ ó ti rí i ni ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ tàbí ojú ìwé tí àká ìmọ̀ fi ń fi í hàn. Ẹ kọ ọ́ tán pátápátá, bẹ̀rẹ̀ láti https://doi.org/, ẹ má sì fi àmì ìdánudúró sí ìparí rẹ̀ bí ẹ bá ń lo APA, kí ó má baà di ara àdírẹ́sì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọdún pẹ̀lú. Àpilẹ̀kọ 1984 tí a ya àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ti 1984 ni títí láé. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í gbé ti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí ó kẹ́yìn sínú JSTOR, nítorí náà ẹni tí kò bá wá nǹkan níbòmíràn lè máa rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti sinmi láti ọdún mẹ́rin.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ òtítọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ó dùn mí jù. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àká ìmọ̀ a máa fi àṣamọ̀ àpilẹ̀kọ hàn wá lọ́fẹ̀ẹ́, bí a kò tilẹ̀ lówó láti ṣí ìyókù, ọ̀pọ̀ sì ń ka ìlà mẹ́wàá yẹn, wọ́n ń tọ́ka sí ojú ìwé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọn kò rí. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn ni ẹ ti rí ọ̀rọ̀ Law, ẹ sọ pé inú ìwé onítọ̀hún ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí títọ́ka sí ohun tí a kò kà lè gbé wa dé: ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kan ti fi àkọlé àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó ṣe fún àwọn òǹkọ̀wé rí, láti fi hàn wọ́n bí ìtọ́kasí ti ń rí lójú. Àpilẹ̀kọ náà kò sí, kò sì sí ìgbà kan tí ó wà. Nígbà tí ó di 2017, àwọn tí ó tọpa rẹ̀ rí i pé wọ́n ti tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tí ó súnmọ́ 400, bí ẹni pé gbogbo wọn kà á. Bí ọ̀rọ̀ ti rí kí ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ tó dé nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà sì dé, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ ChatGPT hun jọ lọ síwájú adájọ́ ní 2023, orúkọ olùpẹjọ́, ọdún àti ojú ìwé pé, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kankan kò sí níbẹ̀, adájọ́ sì bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Ìtọ́kasí tí àká ìmọ̀ fúnra rẹ̀ tò fún wa tí a kàn tẹ bọ́tìnnì kan gbà kò burú tó èyí, nítorí pé àpilẹ̀kọ tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà a máa ṣi lẹ́tà ńlá kọ, a máa gé àkọlé kù, a máa fi orúkọ ẹni ṣáájú níbi tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ kí ẹ tó gbà á.

Ìdí mìíràn tí a fi gbọ́dọ̀ padà dé ojúlé àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ni pé àwọn jọ́nà a máa fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ní 1998, jọ́nà ìṣègùn The Lancet tẹ àpilẹ̀kọ Andrew Wakefield, èyí tí ó so abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé mọ́ ipò ìdàgbàsókè ọpọlọ tí ń jẹ́ autism. Ní 2010, lẹ́yìn ọdún méjìlá, jọ́nà náà fà á sẹ́yìn. Ẹ̀dà tí ẹnìkan ti tẹ̀ sórí tákàdá kí ó tó di 2010 kò lè sọ èyí fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí ojú ìwé rẹ̀ lónìí yóò bá ìkìlọ̀ níbẹ̀ gbàǹgbà. Ìlera ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ku ti orúkọ wa àti àmì ohùn wa. Àká ìmọ̀ tí àwọn elédè mìíràn ṣe kì í sábà mọ ibi tí orúkọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba orúkọ àbísọ fún orúkọ baba, bí ẹni bá sì ń jẹ́ J. F. Adé Àjàyí, a máa bá a lábẹ́ "Ajayi" níbì kan, lábẹ́ "Ade Ajayi" níbòmíràn, kí àjèjì sì rò pé ẹni méjì ni. Ẹ wo bí ẹni náà ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí orí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ. Bí ẹ bá ń wá àpilẹ̀kọ lórí Ọ̀ṣun, ẹ wá a pẹ̀lú àmì, ẹ wá a láìsí àmì, ẹ tún wá a bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kọ ọ́, "Oshun", àti bí àwọn ará Brazil ti ń kọ ọ́, "Oxum", nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ̀ pé òrìṣà kan náà ni. Àkọlé tí a tẹ̀ láìsí àmì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe dà á kọ, kí òǹkàwé lè rí i. Ṣùgbọ́n àkọlé tí òǹkọ̀wé fi àmì sí, tí àká ìmọ̀ wá gé àmì rẹ̀ kúrò tàbí tí ó sọ lẹ́tà "ọ" di àmì ìbéèrè, ẹ dá a padà sí bí ó ti wà lójú ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ni àmì náà, ẹ̀rọ kò ní àṣẹ láti bù ú kù.

Ẹ̀yin olóòtú jọ́nà ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ mi kù sí lọ́dọ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtàtà tí a kọ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó àti ní Ìlọrin ni kò ní DOI títí di òní, bí ẹnìkan bá sì rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà lórí fóònù, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ni, tí kò ní èèpo ẹ̀yìn, tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tí ó sọ jọ́nà tí ó ti wá. Kí ẹ tó rí owó DOI san, ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ tẹ orúkọ jọ́nà, ìdì, nọ́ńbà, ọdún àti ojú ìwé sí orí ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ẹ̀dà tí ẹ ń tò lọ́wọ́ yìí.